Ulé Kì Í Ṣe Àṣìkọ

Gbogbo kọ̀ǹpútà ilé ìkàwé Ìṣẹ́ Èkìtì tún dákẹ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó wá ṣe ìdánrawò fún ìdánwò wọn tẹjú mọ́ Ayọ̀mípọ̀sí, olùtọ́jú ẹ̀rọ.

Ó mọ ohun tó fà á. "Ulé" ni ó sọ ẹ̀rọ àgbà tí ìbéèrè ìdánwò wà nínú rẹ̀, nítorí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pe ilé níbẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí dìpọ̀ tuntun ti Línọ́ọ̀sì, ètò tó ń darí àwọn kọ̀ǹpútà náà, bá dé láti Èkó ni yóò pa fáìlì DNS rẹ́, èyí tó ń júwe ibi tí ẹ̀rọ tó ń jẹ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan wà, tí yóò sì fi "ilé" rọ́pò "ulé". Kò sì sí ẹ̀rọ kankan tó ń jẹ́ ilé.

Ó pe Ọ̀gá Fọláhàn, ẹni tó ń di ètò náà ní Èkó, lórí fóònù.

"Àṣìkọ ni mo bá yín tún ṣe," ni ọkùnrin náà wí tẹ̀rín-tẹ̀rín. "Ẹ̀yin ará oko, ẹ kọ́ Yorùbá!"

"Ọ̀gá, tí àlejò bá ní orúkọ ọmọ yín kò dára, ṣé ẹ ó yí i padà?"

"Ṣáà yí orúkọ ẹ̀rọ yẹn, jẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ ríṣẹ́ ṣe."

"N kò ní í yí i, sà."

Ó tú dìpọ̀ náà, ó yọ ìlà tó ń pa fáìlì rẹ́, ó sì fi àṣẹ síbẹ̀ pé kí ètò kọ́kọ́ gba ìyọ̀ǹda onílé. Ó tún un dì, ó dá "ulé" padà sínú fáìlì, ó sì tan DNS padà. Àwọn kọ̀ǹpútà lajú lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ó fi dìpọ̀ náà ránṣẹ́ sí Èkó pẹ̀lú gbólóhùn kan: "Ẹ kan ulẹ̀kùn kí ẹ tó wọ ulé."