Agogo Ìjì Combelasse

Urbain Malafosse fi orúnkún tẹ àpótí náà mọ́lẹ̀, ó fa okùn rẹ̀ le, ó sì ta á ní kókó. Àpótí kejì nìyẹn. Nínú ilé ìdáná, rédíò ń sọ̀rọ̀ nípa iye tí wọ́n ń ta wáìnì ní ìsàlẹ̀ gúúsù, ọ̀rọ̀ tí kò kan ẹnikẹ́ni ní abúlé Combelasse lórí òkè. Urbain kò pa á. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin Noélie ìyàwó rẹ̀ nínú oṣù kọkànlá ni rédíò náà ti ń sọ̀rọ̀, tọ̀sán tòru, ì báà máa jẹun, ì báà sùn.

"Bàbá, ẹ jẹ́ n bá yín gbé e." Mireille ọmọ rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ìdájí ló ti gbéra láti ìlú Alès, kò sì tíì bọ́ kóòtù òtútù rẹ̀ láti ìgbà tó ti dé. "Wọ́n ní yìnyín ń bọ̀. Bí a ò bá tètè ré ẹnu òkè yẹn kọjá, ọ̀nà á dí mọ́ wa."

"Mo gbọ́."

"Ẹ gbọ́, ẹ ò sì dìde."

Ó dìde. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, orúnkún rẹ̀ sì máa ń rò ó wò kó tó gbà. Mireille ti ṣètò yàrá kan fún un ní Alès, yàrá tó móoru, tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ibi tí àwọn èèyàn ń gbé mọ́tò wọn sí. Kò bá a jiyàn. Ọ̀sẹ̀ ìsìnkú ni wọ́n ti fi ọ̀rọ̀ náà lọ̀ ọ́, ó ní kò burú. Ó rẹ̀ ẹ́. Kì í ṣe irú àárẹ̀ tí oorun ń wò.

Ẹnu ọ̀nà ṣí láìsí kíkàn. Albanie Rouvière ló wọlé, ó di wàràkàṣì kan sínú aṣọ ìnuwọ́. Òun nìkan ni aládùúgbò tó kù tí ń lo ìgbà òtútù ní abúlé náà. Àwọn ilé yòókù, àwọn tó ni wọ́n kì í wá àfi nínú ẹ̀ẹ̀rùn, wọn á ṣí fèrèsé, wọn á sun ẹran lórí iná, wọn á sì tún ti fèrèsé.

"Mo mú un wá kí ebi má pa ọ́ lọ́hùn-ún," ni Albanie wí. "Mo gbọ́ pé inú ọ̀rá ni wọ́n ń ta tiwọn sí."

"Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n."

"Má dúpẹ́. Bí o ti ń lọ yìí, èmi ni mo jogún gbogbo ìlú. Èmi ni olórí ìlú, èmi ni ará ìlú. Bí mo bá fẹ́ bú ìjọba, ara mi náà ni màá bú."

Mireille rẹ́rìn-ín. Urbain kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó fa àga sílẹ̀ fún Albanie.

Wọn kò tíì jókòó tán tí Josette Pagès fi dé, tó ń gbọn bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Josette ló ń ta búrẹ́dì ní ìlú ńlá ìsàlẹ̀. Òun àti Mireille jọ lọ sí ilé ìwé kan náà ni. Lọ́dún yìí, òun ni wọ́n tún bẹ̀ kó máa ka àwọn èèyàn ilé dé ilé.

"Áà, ará Alès," ó wí fún Mireille. "O wá jí ẹnì kan gbé nínú àwọn èèyàn tí mò ń kà. Ṣé o mọ̀ pé bí wọ́n bá kó gbogbo ẹkùn Lozère yìí, àtọmọdé àtàgbà, lọ sí pápá bọ́ọ̀lù Marseille, a fẹ́rẹ̀ẹ́ má kù síta?"

"Àwọn tó bá kù síta á jẹ́ ará Combelasse," ni Albanie wí. "A kì í tètè dé ibì kankan."

Josette yíjú sí Urbain. Ohùn rẹ̀ rọ̀. "Bàbá Malafosse, ibo ni kí n kà yín mọ́? Ibí ni tàbí Alès?"

"Alès ni," Mireille dáhùn.

"Bàbá ni mo bi."

Urbain wo àpótí méjèèjì. "Ohun tó wí náà ni."

Josette kò kọ nǹkan kan. Ó ní òun máa kọ́kọ́ lọ rí tọkọtaya tó ń sin ewúrẹ́ lẹ́bàá igbó, lẹ́yìn òkè títẹ́jú. Mọ́tò kì í dé ibẹ̀, ẹsẹ̀ lòun máa fi rìn ín, bí òun bá sì padà, òun á tún yà.

Urbain yọjú síta. Ìhà àríwá ti dúdú bíi ìdí ìkòkò. "Má lọ," ó wí. "Ojú ọ̀run yẹn kò dára."

"Bàbá, ibí ni wọ́n bí mi sí. Bí wọ́n bá di ojú mi pàápàá, màá dé ibẹ̀."

Ó ń ki ìbọ̀wọ́ bọ ọwọ́ bí ó ti ń jáde lọ. Gbogbo àwọn tí ìjì yìnyín pa lórí òkè yẹn, láti ayé àwọn baba ńlá wọn, ibẹ̀ ni wọ́n bí wọn sí. Àjèjì kì í gba ibẹ̀ kọjá tí ojú ọ̀run bá ṣú.

Wọ́n gbé àpótí kìíní sínú mọ́tò. Bí wọ́n ti fẹ́ gbé ìkejì ni afẹ́fẹ́ yí padà. Yìnyín kò sọ̀ kalẹ̀ láti òkè. Ìbú ló ti ń bọ̀, ó ń sáré, ó ń pariwo, kò sì pẹ́ tí Urbain kò fi rí ilé Albanie mọ́, ilé tí kò ju ìkọjá títì lọ.

"Bàbá, ó yá, a gbọ́dọ̀ máa lọ nísinsìnyí."

Urbain padà wọlé. Ó na ọwọ́ sókè, ó sì mú kọ́kọ́rọ́ ńlá kan lórí ìṣó.

"Josette ní fóònù lọ́wọ́," ni Mireille wí. Ó mọ̀ pé kọ́kọ́rọ́ ilé agogo ìjì ni.

"Lórí òkè yẹn, òkúta ni fóònù. Pe àwọn panápaná láti ilé."

"Bí a kò bá lọ nísinsìnyí, a kò ní lè lọ mọ́."

"Pè wọ́n."

Ilé agogo náà kò sí lára ṣọ́ọ̀ṣì kankan. Òkúta ni wọ́n fi mọ ọ́n, ó ga díẹ̀ ju ènìyàn méjì lọ, wọ́n sì kọ orúkọ àwọn ọmọ Combelasse tó kú sí ogun ńlá sára ògiri rẹ̀. Orúkọ ibẹ̀ pọ̀ ju ẹnu ọ̀nà tó wà ní abúlé lọ. Àwọn tí ogun kò pa lọ sí ibi ìwakùsà èédú ní ìsàlẹ̀, wọ́n sì bímọ síbẹ̀. Nígbà tí ilé ṣì kún, ilé kọ̀ọ̀kan ló ní àsìkò tirẹ̀ láti lu agogo ìjì, èèyàn sì lè lo òtútù odidi ọdún kó má kàn án. Lẹ́yìn náà ó wá ku ilé méjì. Èjìká Albanie daṣẹ́ sílẹ̀, Urbain wà lẹ́yìn àgùntàn, Noélie ló wá ń lù ú fún gbogbo wọn.

Tọkọtaya náà sì ti bá ara wọn jà lórí rẹ̀. Baba Urbain kọ́ ọ pé agogo ìjì kò gbọdọ̀ dáwọ́ dúró: okùn ni ìró rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó sọnù. Ṣùgbọ́n Noélie á fà á ní ìgbà mélòó kan, á dúró, á tún fà á, á tún dúró. "Okùn jíjá lò ń jù sí wọn," ni Urbain máa ń wí. Noélie kì í fèsì. Bó ti ń ṣe é náà ló máa ṣe é lọ́jọ́ mìíràn. Urbain gbà pé ó ń rẹ̀ ẹ́ ni, pé kò kàn fẹ́ sọ.

Ó ṣí ilẹ̀kùn, ó di okùn mú, ó sì fà á.

Ó fà á bí baba rẹ̀ ti kọ́ ọ, láìdábọ̀. Ìró náà kún inú òkúta, ó kún orí rẹ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀. Kò sí àyè láti ro nǹkan kan. Ọwọ́ rẹ̀ gbóná, ó tutù, lẹ́yìn náà kò mọ̀ ọ́n lára mọ́. Mireille wá dúró lẹ́nu ọ̀nà, yìnyín bo irun rẹ̀.

"Wọ́n ní àwọn ń bọ̀ tí afẹ́fẹ́ bá rọlẹ̀. Ọ̀nà ti dí, Bàbá."

"Mo mọ̀."

"Ẹ jẹ́ n gbà á."

Ó mi orí. Ó tún fà á, ó tún fà á, títí okùn fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fẹ́ mú un, ìka rẹ̀ kò ká. Ó fara ti ògiri, ó ń mí gúlegúle. Agogo mì lẹ́ẹ̀kan sí i lókè, ó sì dákẹ́.

Afẹ́fẹ́ nìkan ló kù. Lẹ́yìn náà, láàárín afẹ́fẹ́ àti afẹ́fẹ́, nǹkan kan tó tín-ín-rín.

"Dákẹ́," ó wí fún Mireille, bẹ́ẹ̀ Mireille kò sọ̀rọ̀.

Ó tún dún. Kì í ṣe láti ìhà igbó. Ìsàlẹ̀ ló ti ń bọ̀, níbi gbalasa tó dà sí ọ̀gbun. Josette ti ṣìnà, ó ti kọjá abúlé, ó sì ń kígbe. Bóyá ó ti pẹ́ tó ti ń kígbe. Ní gbogbo àkókò yẹn, Urbain ń fi agogo bo ohùn rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Kò rẹ Noélie rí. Ó ń tẹ́tí ni.

Kò sí àkókò fún Urbain láti rò ó pẹ́. "Mú okùn àgùntàn lẹ́yìn ilẹ̀kùn," ó wí. "So orí kan mọ́ ìbàdí rẹ, so orí kejì mọ́ irin yìí. Tẹ̀lé ògiri ọgbà dé ìsàlẹ̀, má yọ ọwọ́ kúrò lára rẹ̀. Bí mo bá lù ú, máa rìn. Bí mo bá dákẹ́, kí o kígbe, kí o sì gbọ́."

Mireille wò ó. Ó so okùn náà mọ́ ìbàdí, ó sì wọ inú funfun náà lọ.

Albanie ti dé láìsí ẹni tó ránṣẹ́ pè é, ó fi aṣọ ìbora wé orí. Ó dúró sí ẹnu ọ̀nà, ó fi ọwọ́ sẹ́yìn etí. Urbain fà á. Ó dúró. "Àwọn méjì ni mo ń gbọ́," ni Albanie wí. Ó fà á. Ó dúró. "Wọ́n ti súnmọ́ra." Ó fà á. Ó dúró fún ìgbà pípẹ́. "Wọ́n ń bọ̀. Ọ̀kan ń bú ọ̀kan. Josette nìyẹn, kò tíì kú."

Nígbà tó yá, Josette jókòó síwájú iná, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà nínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, abọ́ ọbẹ̀ kábéèjì sì wà lórí itan rẹ̀. Eyín rẹ̀ ṣì ń lura wọn. Rédíò ń kọrin.

"Bí wọ́n bá di ojú mi," ni Albanie wí, tó ń sín in jẹ.

"Màmá, ẹ fi mí sílẹ̀." Josette mu ọbẹ̀ díẹ̀. Kò wo ojú ẹnikẹ́ni. "Mo kàn ń gbọ́ agogo níbi gbogbo ni. Àfi ìgbà tó dákẹ́ tí mo gbọ́ tí Mireille pè mí."

Urbain wo ọwọ́ rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ sí àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì.

"Kíka èèyàn ni iṣẹ́ mi ṣì jẹ́ o," ni Josette wí. "Ibo ni kí n kà yín mọ́?"

Wọ́n dúró de Mireille kó dáhùn. Ó ti bọ́ kóòtù rẹ̀ nígbà yìí, ó gbé e kọ́ sórí ìṣó tí kọ́kọ́rọ́ máa ń wà. Ojú rẹ̀ pọ́n nítorí òtútù. "Ọwọ́ yín nìkan kò lè fà á mọ́, Bàbá," ó wí.

"Kò lè fà á."

"Òun á fà á, èmi á gbọ́," ni Albanie wí. "Èjìká mi ló kú. Etí mi kò ṣàìsàn."

Mireille bẹ̀rẹ̀ sí ìdí iná. Ó gbé igi kan, ó fi í sínú iná. "Kà á mọ́ ibí," ó wí fún Josette, kò sì yíjú. "Bí ìgbà òtútù bá lọ, tí ewéko tún hù, a ó tún jọ sọ ọ́."

Urbain ti àga rẹ̀ sẹ́yìn. Ó dìde, ó rìn kọjá lára àpótí kejì tó ṣì wà nílẹ̀, ó dé ìdí rédíò, ó sì pa á.

Àwọn obìnrin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbé ojú sókè. Ilé náà dákẹ́. Igi ta nínú iná, afẹ́fẹ́ fẹ́ gba abẹ́ ilẹ̀kùn, ó sì lọ. Urbain padà sórí àga rẹ̀, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé itan, ó sì jókòó báyìí, ó ń tẹ́tí, bí Noélie ti máa ń ṣe ní ìdí okùn.