Ikú Tí Kò Wọ Pátákó

Ní agogo méjì ọ̀sán, wọ́n kọ iye àwọn tó kú lóṣù náà sára pátákó ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn kan ní ìlú Nan: méje. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́yìn náà ni Buasorn pe Dókítà Warunee láti ojú ọ̀nà abúlé.

"Dókítà, bàbá mi di ọwọ́ mi mú!"

Warunee dìde lórí àga.

Òun fúnra rẹ̀ ló jà fún pátákó yẹn. Ọdún méjì ló fi kọ lẹ́tà sí ìjọba pé kí ilé ìwòsàn kọ̀ọ̀kan máa fi iye òkú rẹ̀ han aráàlú. Wọ́n gbà. Láti ìgbà náà ni Dókítà Thawat, ọ̀gá àgbà, ti ń wo iye náà láràárọ̀ bí ẹni ń wo èsì bọ́ọ̀lù.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, Thawat dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn Bàbá Inpan, àgbẹ̀ tí àìsàn ẹ̀dọ̀fóró dá dùbúlẹ̀, tí ẹ̀rọ ń bá mí.

"Eléyìí ńkọ́?"

"Ẹ fún mi ní ọjọ́ mẹ́ta sí i, ọ̀gá. Ibà rẹ̀ ti ń lọ sílẹ̀. Nínú mẹ́wàá irú wọn, mẹ́rin máa ń yè."

"Kí mẹ́fà wá kú sí mi lọ́rùn? Bí ó bá di mẹ́jọ, àwa la kẹ́yìn ní gbogbo àríwá." Thawat rẹ́rìn-ín. "Ìwọ lo ní kí ayé máa rí wa níhòhò. A ti bọ́ṣọ. Ṣé o tún fẹ́ kí n jó ni?"

Ó yíjú sí Buasorn, ohùn rẹ̀ sì rọ̀ bí òwú. "Ọmọ mi, ṣé àjà ilé ìwòsàn ni bàbá rẹ yóò máa wò títí yóò fi lọ? Ṣé kò nílé ni?"

Kò sí ọmọ Nan tó gbọ́ ìyẹn tí ara rẹ̀ kò ní bù máṣọ. Ẹni tó bá kú lẹ́yìn odi, ẹ̀mí rẹ̀ ni yóò máa wá ọ̀nà ilé kiri. Buasorn sunkún, ó buwọ́ lùwé pé kí wọ́n gbé bàbá lọ sílé, ó tún dúpẹ́. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìdílé ló bèèrè. Ẹni tó kú sílé kì í ṣe òkú ilé ìwòsàn. Warunee náà buwọ́ lù ú.

Wọ́n gbé bàbá sẹ́yìn ọkọ̀ akẹ́rù. Ọmọ rẹ̀ ń fọwọ́ tẹ àpò rọ́bà tó ń fún un léèémí. Ilé ìwòsàn ní bí wọ́n bá délé, kí wọ́n yọ ọ̀pá èémí tó wà lẹ́nu rẹ̀. Ní afárá kọ̀ọ̀kan, ọmọ gbọ́dọ̀ sọ fún bàbá pé àwọn ń kọjá, kí ẹ̀mí rẹ̀ má baà ṣẹ́ kù sẹ́yìn.

"Afárá kẹta la wà," ni Buasorn wí lórí fóònù. "Bí mo ṣe ní, 'Bàbá, a ń kọjá o,' ló dì mí mú. Ṣé ká padà? Ọwọ́ mi ti ń kú, Dókítà."

"Ẹ dúró níbẹ̀. Ẹ má yọ ọ̀pá. Màá pè yín padà."

Warunee sáré lọ sọ fún Thawat, ṣùgbọ́n ọ̀gá kò gbójú kúrò nínú àwo núdùlù rẹ̀. "Ta ló rí i? Ọmọ rẹ̀? Iṣan lásán ló fà. A ti fi ibùsùn yẹn fún ẹlòmíì. Jẹ́ kí nọ́ọ̀sì abúlé lọ wò ó ná. Ẹ̀rí, Warunee. Àbí ìwọ kọ́ lo fẹ́ràn ẹ̀rí?"

Nọ́ọ̀sì ni Warunee pè, kì í ṣe Buasorn. Nọ́ọ̀sì ní òun ṣì ń fún àwọn ọmọdé lábẹ́rẹ́. Bí òun bá ṣe tán, òun yóò gba ibẹ̀ kọjá. Ẹ̀ẹ̀mejì ni fóònù Warunee dún pẹ̀lú orúkọ Buasorn lójú rẹ̀. Ó dojú fóònù náà délẹ̀ lórí tábìlì.

Títí di agogo mẹ́ta àbọ̀, nọ́ọ̀sì náà kò tíì fìdí rẹ̀ múlẹ̀ bóyá Bàbá Inpan wà láàyè; méje ṣì ni iye ara pátákó.