Ohun Tí Ẹnikẹ́ni Kò Gbọdọ̀ Gbé Jáde

Mo kí yín o, ẹ̀yin ará mi. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tó dá ẹ̀mí wa sí, tó sì fún wa ní eyín tí a ó fi rẹ́rìn-ín.

Ní ọdún 1992, nígbà tí ọkọ̀ ojú irin kì í fi bẹ́ẹ̀ yà ní Ọ̀fà mọ́, ìgbìmọ̀ ìlú wa, tí mo jẹ́ akọ̀wé rẹ̀, pinnu láti sọ ilé àtijọ́ kan lẹ́bàá rélùwéè di ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Ọ̀gbẹ́ni Adétóyè, ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, ni alága. Bí ó bá fi àdúrà ṣí ìpàdé, ògì gbígbóná tó wà níwájú wa á ti dì kó tó ṣe àmín.

Àmọ́ Baba Àjàní àti ìyàwó rẹ̀, Àṣàkẹ́, ń gbé inú ilé náà. Ogójì ọdún ni Baba fi ń fi àsíá darí ọkọ̀ ojú irin níbẹ̀. Wọn kò ní ilé mìíràn. Baba ló ń dí ihò òrùlé, òun ló ń nu agogo ibẹ̀ títí tó fi ń dán.

Alága ní, "Baba, ẹ kó jáde kó tó di Sátidé. A fẹ́ dáàbò bo ilé yìí."

"Lọ́wọ́ ta ni?"

"Lọ́wọ́ ìbàjẹ́!"

"Èmi ni ìbàjẹ́ ọ̀hún?"

Alága kọjú sí mi. Ó ní kí n kọ òfin sí pátákó, kí n kàn án mọ́ ẹnu ọ̀nà: "Ohunkóhun nínú ilé yìí tí ọjọ́ orí rẹ̀ bá ti lé ní àádọ́ta ọdún, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé e jáde. Ẹni tó bá gbé e yóò dé ilé ẹjọ́."

Lọ́jọ́ Sátidé, Baba jókòó sórí ẹní, kò dìde. Alága pe ọ̀dọ́mọkùnrin kan, Lukman, àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan láti Ìjàgbó pé kí wọ́n gbé e. Wọ́n ti gbé e dé ẹnu ọ̀nà nígbà tí Àṣàkẹ́ dí wọn lọ́nà.

"Ẹ̀yin ọmọ, ẹ kọ́kọ́ ka pátákó yẹn ná."

Lukman kà á. Ó wo Baba. "Baba, ọmọ ọdún mélòó ni yín?"

"Mẹ́tàléláàádọ́rin."

Lukman rọra gbé e padà sórí ẹní. "Alága, ẹ jọ̀ọ́ o. Èmi ò lè lọ ilé ẹjọ́."

Alága jágbe, "Ènìyàn ni Baba, kì í ṣe ohun!"

Àṣàkẹ́ ní, "Àbí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wá rántí ni, sà?"

Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Ojú ti alága, ó jókòó wọ̀ọ̀. Kó tó kúrò níbẹ̀, ó gbà pé kí Baba máa gbé ilé náà, kó máa fi agogo han àlejò. Bí ó ti dìde pé òun ń lọ, Baba na ọwọ́ sí pátákó.

"Ẹ jókòó, Alága. Ẹ̀yin náà ti lé ní àádọ́ta."

Ẹ̀yin tó ka èyí, Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí wọ́n lé yín kúrò níbi tí ẹ ti làágùn sí. Ẹ ó dàgbà, ẹ ó sì wúlò dọjọ́ alẹ́. Àmín.