Òkú Tó Wọ Kóòtù Aláwọ̀ Ewé

Obìnrin tó bá fi òkú ṣe orogún kò rí ẹni tí yóò bá jà. Bí orogún bá wà láàyè, ẹ ó jọ fa aṣọ ara yín ya, ará àdúgbò á là yín, ó parí. Ṣùgbọ́n òkú kì í dáni lóhùn, kì í darúgbó, ọbẹ̀ rẹ̀ kì í jóná mọ́ láéláé. Ohun tó ń jẹ Lorna Petrik lọ́kàn nìyẹn fún odindi ọdún mẹ́sàn-án tó ti ń gbé nílé Wendell ọkọ rẹ̀.

Ardis ni orúkọ ìyàwó àkọ́kọ́. Ìgbà òtútù kan, kí Lorna tó dé ìlú kékeré yẹn ní Wisconsin, ni yìnyín orí adágún, tí àwọn ará ibẹ̀ máa ń wa ọkọ̀ gbà kọjá, là mọ́ Ardis lẹ́sẹ̀, tó sì rì tòun ti ọkọ̀ tó ń wà. Wendell ti kó gbogbo fọ́tò rẹ̀ kúrò lára ògiri, kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni dárúkọ rẹ̀. Kóòtù kan ṣoṣo ló kù, aláwọ̀ ewé, olóbọ́tìnnì ńlá, tó ń rọ̀ lórí ìṣó lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́bìrì tí wọ́n fi ń kó yìnyín. Àìmọye ìgbà ni Lorna ti fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí kóòtù yẹn, tó tún gbé ọ̀rọ̀ mì. Ṣùgbọ́n bó bá gbálẹ̀ débẹ̀, a máa fi ọwọ́ ìgbálẹ̀ gún un níkùn díẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi, bí wọ́n bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ilé Gunnar ni wọ́n máa ń lọ. Gunnar ti fi iṣẹ́ pínpín lẹ́tà sílẹ̀, òun àti Twyla àbúrò rẹ̀ obìnrin ló ń gbé pọ̀. Twyla yìí, láti kékeré lòun àti Ardis ti ń ṣọ̀rẹ́. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á jókòó yí tábìlì ìdáná ká, kọfí á máa hó, wàrà gígé á wà nínú àwo, wọn á bẹ̀rẹ̀ eré wọn. Ìgbà òtútù karùn-ún rèé tí wọ́n ti ń ṣe é. Oníkálukú á ṣẹ̀dá ènìyàn kan látinú orí ara rẹ̀, á kọ agbára rẹ̀ àti àìlera rẹ̀ sórí ìwé, á sì máa sọ̀rọ̀ bí ẹni náà. Gunnar ni yóò máa sọ ohun tí wọ́n bá pàdé lọ́nà. Bí ẹnìkan bá fẹ́ ṣe nǹkan tó le, á ju dáìsì olójú ogún, dáìsì ni yóò sọ bóyá ó ṣe é ṣe.

"A ti pa ejò oníná tó," ni Gunnar wí ní ọjọ́ Ìsinmi kìíní oṣù Kejìlá. "Lọ́dún yìí, ilé ńlá olókùúta kan wà lórí òkè. Ìkùukùu bò ó. Ìkookò ń hu níta, onílé ti ya wèrè, nǹkan kan sì ń mu ẹ̀jẹ̀ àwọn ìránṣẹ́ ilé. Ẹ ṣẹ̀dá ẹni tí yóò lè gbé ibẹ̀."

"Kí ni wọ́n ń jẹ níbẹ̀?" ni Twyla bi í.

"Ìbànújẹ́."

"A ó gbé wàrà lọ, nígbà náà."

Gunnar ò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Òfin kan wà lọ́tẹ̀ yìí. Oníkálukú yín gbọ́dọ̀ ní òkú kan tó ń tẹ̀lé e. Ẹ kọ òkú yẹn sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ò ní jẹ́ ẹnu òkú ara yín o. Ẹni tó jókòó lọ́wọ́ ọ̀tún yín ni yóò máa jẹ́ ẹnu rẹ̀. Ohun tí òkú bá sì sọ lórí tábìlì yìí, bíírò ni n ó fi kọ ọ́, kì í ṣe pẹ́ńsù. Kò ní ṣe é pa rẹ́."

Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí kọ. Agbẹ́sàréè olójú kan tó ń bá ṣọ́bìrì rẹ̀ sọ̀rọ̀ ni Twyla ṣẹ̀dá. Lorna ṣẹ̀dá opó ọlọ́lá kan tó ti sin ọkọ mẹ́ta, tó ní májèlé nínú òrùka.

"Ọkọ mẹ́ta!" Twyla pariwo. "Wendell, ọ̀rẹ́ mi, máa tọ́ kọfí rẹ wò kó o tó mu ún o!"

"Kò sí májèlé tó burú tó kọfí Gunnar," ni Wendell fèsì, wọ́n sì rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin tó ń tún aago ṣe, tó ń dá gbé inú ilé ìṣọ́, lòun ṣẹ̀dá. Ó pẹ́ lórí ìwé rẹ̀ ju gbogbo wọn lọ. Nígbà tó tó àkókò, ó fi ìka kan ti ìwé òkú rẹ̀ sí ọwọ́ ọ̀tún, síwájú Lorna.

Lorna kà á. *Ìyàwó rẹ̀. Ó wọ kóòtù aláwọ̀ ewé. A máa bó èèpo ápù bí okùn kan ṣoṣo tí kì í já. Bí inú bá ń bí i, a máa fi imú kọrin.*

Twyla na ọrùn wò ó. "Áà, Ard..." ló wí, ló bá fi ọwọ́ bo ẹnu.

Gunnar da kọfí sínú ife tó ti kún tẹ́lẹ̀.

Nínú ọkọ̀, bí wọ́n ṣe ń lọ sílé, Lorna ní, "Okùn kan ṣoṣo tí kì í já."

"Eré ni, Lorna."

"Ṣé mo ní kì í ṣe eré ni?"

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní òrìṣà jẹ́ n pé méjì kò dénú obìnrin. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, Lorna ò gbádùn. Ọjọ́ Ajé, ó jókòó ti ọbẹ àti ápù kan. Èèpo já. Ó mú òmíràn, ó já. Ó bó ápù mọ́kànlá, kò sí èyí tí èèpo rẹ̀ gùn ju ìka ọwọ́ lọ. Nígbà tí Wendell wọlé, ó béèrè pé kí là ń fi ápù tó tóyẹn ṣe. Lorna ní òun fẹ́ yan páì. "Páì fún ta ni?" "Fún gbogbo Wisconsin!"

Ibi tó ti ń fọ abọ́ ló ti bẹ̀rẹ̀ sí ṣètò ohun tí òkú yẹn yóò sọ. Òun ni ẹnu rẹ̀, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Ohun tóun bá fi sẹ́nu rẹ̀ náà ni yóò sọ. Bí òkú bá burú tó, Wendell fúnra rẹ̀ á lé e jáde, á lé e kúrò nínú ilé olókùúta, á lé e kúrò lórí ìṣó ẹnu ọ̀nà. Ó fi ọ̀rọ̀ náà kọ́ra bí ọmọdé ṣe ń kọ́ àkọ́sórí, títí ó fi dán lẹ́nu rẹ̀.

Ọjọ́ Ìsinmi kejì pé. Ọkùnrin alátùn-únṣe aago ń gun àtẹ̀gùn ilé ìṣọ́ lọ pẹ̀lú àbẹ́là. Wendell ju dáìsì. Oókan, tó burú jù, ló bọ́ sí.

"Àbẹ́là kú," ni Gunnar wí jẹ́jẹ́. "Òtútù gba ẹsẹ̀ rẹ wọlé. Ẹnìkan dúró lórí àtẹ̀gùn lókè rẹ. Omi ń kán lára aṣọ rẹ̀."

Gbogbo wọn yíjú sí Lorna.

Lorna gbé àgbọ̀n sókè. "Mi ò fẹ́ràn rẹ rí," ló wí. "Kódà fún ọjọ́ kan ṣoṣo, mi ò fẹ́ràn rẹ. Torí òrùlé lásán ni mo ṣe dúró tì ọ́."

Twyla gbé ife rẹ̀ kalẹ̀. Gunnar gbé bíírò. "Ṣé bẹ́ẹ̀ ni kí n kọ ọ́?"

"Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

Bíírò ń dún lórí ìwé. Lorna ń retí kí Wendell bínú. Wendell ò bínú. Kò tilẹ̀ wo Lorna. Àárín Lorna àti sítóòfù ló ń wò, bíi pé ẹnìkan dúró níbẹ̀.

"Mo mọ̀," ló wí. "Torí àárọ̀ ọjọ́ yẹn ni. O ní kí n fi ọkọ̀ gbé ọ lọ, torí yìnyín orí adágún ò tíì le tó. Mo ní ó rẹ̀ mí. Mo yíjú sí ògiri. Mo ń gbọ́ ọ tó o ń de bọ́tìnnì, ó tó mẹ́fà, mo kà á. Mi ò dìde."

Kò sí mọ́tò nínú ilé olókùúta yẹn. Kò sí adágún. Gunnar fi bíírò sílẹ̀.

"Inú ọ̀rá ni wọ́n kó kóòtù rẹ sí fún mi," Wendell ń bá a lọ. "Ó ṣì tutù rinrin. Mo fi í kọ́ kó lè gbẹ. Títí dòní, mi ò tíì lè fọwọ́ kàn án wò bóyá ó ti gbẹ."

Ẹ wo ohun tó ṣe Lorna nísinsìnyí. Àánú kọ́ ló kọ́kọ́ mú un. Owú ni, owú tó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ọdún mẹ́sàn-án lòun ti ń bi ọkùnrin yìí pé, "Kí lò ń rò?" tó ń dá òun lóhùn pé, "Kò sí nǹkan." Nǹkan wà! Nǹkan ti wà látọjọ́ yìí, òkú ló wá tú u fún, etí òun Lorna ni òkú sì fi gbọ́ ọ. Orogún rẹ̀ ti yá ẹnu rẹ̀, ó tún yá etí rẹ̀. Bí òun bá sì dákẹ́ díẹ̀ sí i, bí òun bá ṣì jẹ́ òkú fún ìṣẹ́jú márùn-ún sí i, yóò sọ sí i. Ó fẹ́ẹ́ dákẹ́. Ní tòótọ́, ó fẹ́ẹ́ dákẹ́.

Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ bọ́ sórí ohun tí Gunnar kọ, bíírò dúdú lórí ìwé funfun: *Mi ò fẹ́ràn rẹ rí.* Ọkùnrin yìí á gbé ìyẹn lọ sílé. Kò sì ṣe é pa rẹ́.

Ó mú ìwé òkú, ó tì í sọ́dọ̀ Twyla. "Gbà. Ìwọ lo mọ̀ ọ́n."

"Òfin wà o," ni Gunnar wí.

"Gunnar, fi òfin rẹ jẹ wàrà."

Twyla nu ọwọ́ mọ́ aṣọ. "Kí ni kí n wí?"

"Ohun tó máa wí," ni Lorna dáhùn, ó sì dùn ún bí ẹni ń yọ eyín. "Kì í ṣe tèmi."

Twyla kọjú sí Wendell. "Irọ́ ni mo pa lẹ́ẹ̀kan. Ta ló sọ fún ọ pé òkú kì í purọ́?"

Gunnar gbé ìwé òfin rẹ̀ sókè, ó tún un kà, ó ní, "Òótọ́ ni. Mo kọ pé ohun tó bá sọ yóò wà ní kíkọ. Mi ò kọ pé òtítọ́ ni."

"Ṣé o rí i?" ni Twyla wí. Ohùn òkú kúrò lẹ́nu rẹ̀. "Wendell, ó pè mí lórí fóònù kó tó jáde. O ti sùn padà. Ó ní, 'Twyla, gbé kọfí kaná, ọ̀lẹ ọkọ mi ń hanrun bíi màlúù.' Ẹ̀rín ló ń rín. Kò bínú rárá."

"Kí ló dé tó ò sọ fún mi?"

"Ṣé o jẹ́ ká dárúkọ ẹ̀ ni? Ọdún mélòó rèé, Wendell, bí mo bá ṣí ẹnu, o ti mú fìlà rẹ."

Wendell fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì bo ojú. Lorna dìde, ó gé páì ápù tó gbé wá. Ẹ̀rín orí fóònù yẹn náà, ó jowú rẹ̀. Kí la fẹ́ ṣe?

Nígbà tí wọ́n délé, Wendell pa ọkọ̀, kò sọ̀kalẹ̀. "Lorna," ló wí. Ó pe orúkọ rẹ̀, ó sì tún gbogbo rẹ̀ sọ láti ìbẹ̀rẹ̀, bíi pé kò tíì sọ ọ́ fẹ́ni kankan: yìnyín, ògiri, bọ́tìnnì mẹ́fà. Ẹlẹ́ẹ̀kejì ni Lorna gbọ́ ọ. Ó gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀, kò já a lẹ́nu.

Wọ́n gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn wọlé. Lorna dúró níwájú kóòtù. Ó bọ́ ìbọ̀wọ́, ó ki ọwọ́ bọ abẹ́ apá aṣọ náà.

"Ó ti gbẹ, Wendell."

"Ṣé o fọwọ́ kàn án dáadáa?"

"Abẹ́ apá ni mo fọwọ́ kàn, níbi tí omi máa ń pẹ́ sí. Ó ti gbẹ."

Wendell gbé kóòtù náà kúrò níbẹ̀, ó ká a sórí apá bí ẹni gbé ọmọ tó sùn, ó ń wá ibi tí yóò tẹ́ ẹ sí. Kí Wendell tó yí ọkàn padà, Lorna ti bọ́ kóòtù tirẹ̀, ó ti fi í kọ́ orí ìṣó náà.