Ẹni Tó Ń Tú Ìdérí

Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín o. Obìnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí kì í ṣe wèrè, kò sì fẹnu kan ọtí rí. Aránṣọ ni. Làkúrègbé burúkú, irú èyí tó ń jẹ oríkèé-ríkèé ara, ló mú un lọ́wọ́. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ìka rẹ̀ á wú, á le bí igi, àfi kó rì wọ́n sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ kó tó lè di ife mú. Ta ló fẹ́ bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣí ìgò?

Ọkọ rẹ̀ ló ń bá a ṣí i. Mẹkáníìkì ni ọkùnrin náà, Baba Sípánà ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Kó tó jáde láràárọ̀, á yí gbogbo ìdérí inú ilé ìdáná dẹ̀: ti atalẹ̀ gbígbẹ, ti epo, ti ẹ̀pà, ti oògùn ọsibítù. Á ní, "Mo ti tú wọn o." Ìyàwó á ní, "Bẹ́ ẹ bá lè tú ìka mi náà, ǹ bá dúpẹ́." Àwọn méjèèjì á rẹ́rìn-ín. Àfi lọ́jọ́ kan tí ọkàn ọkùnrin náà daṣẹ́ sílẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀ oníbàárà. Àìsàn la lè wò, a ò rí tọlọ́jọ́ ṣe.

Ọmọ wọn obìnrin, tí wọ́n ń pè ní Tíṣà torí iṣẹ́ rẹ̀, kó wá sọ́dọ̀ ìyá. Ọmọ dáadáa ni, ṣùgbọ́n eèrà máa ń bà á lẹ́rù ju olè lọ. Lálaalẹ́, á fún gbogbo ìdérí pa dan-in dan-in.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìyá nawọ́ sí ìgò atalẹ̀, ìdérí yí wẹ́rẹ́. Ó gbìyànjú ti ẹ̀pà, ìyẹn náà yí.

"Tíṣà, o ṣeun tó o bá mi tú wọn."

"Èmi kẹ̀, Mọ́mì? Mo fún gbogbo wọn pa lálẹ́ àná ni."

Ìyá wo ìdérí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àmì àtàǹpàkò kan wà lórí rẹ̀, dúdú, ó ń rùn bíi gíríìsì. Ó fi etí aṣọ nù ún kí ọmọ tó rí i.

Bẹ́ẹ̀ ló ń rí láràárọ̀. Bó bá ti ri ọwọ́ sínú omi ní yàrá, á gbọ́ kírí, kírí, kírí ní ilé ìdáná, nígbà tí Tíṣà ṣì ń hanrun. Ẹ̀rù bà á títí ẹ̀rù náà fi sú u. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kí i: "Ẹ káàárọ̀ o, bàbá ọmọ mi." Ara tù ú. Kí lẹ fẹ́ kó ṣe?

Nígbà tí ojú rẹ̀ kan ń pọ́n, tó ń ro ó, Tíṣà mú un lọ sí ọsibítù.

Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò. "Mọ́mì, làkúrègbé yín ti dé ojú. Bẹ́ ẹ bá fi ṣeré, ó lè fọ́."

"Atalẹ̀ tí mò ń mu ńkọ́?"

"Ẹ máa mu ún níwọ̀nba. Ẹ jẹ ẹja, ẹ jẹ ẹ̀fọ́, ẹ dín ṣúgà kù. Wọ́n á ran ara yín lọ́wọ́, ṣùgbọ́n wọn ò lè dá iṣẹ́ yìí ṣe. Ẹ má fo oògùn o."

Ó gbọ́ràn. Ojú bẹ̀rẹ̀ sí í mọ́, ìka bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Ló bá di àárọ̀ ọjọ́ kan, ilé ìdáná dákẹ́ rọ́rọ́. Gbogbo ìdérí le. Ó ṣí ti atalẹ̀ fúnra rẹ̀, inú rẹ̀ kò sì dùn rárá. Ó yé e: aláìsàn ni ọkùnrin náà wá ń ràn lọ́wọ́. Bí òun bá sàn, ó ti lọ nìyẹn.

Ẹ gbà mí! Ṣé ẹ mọ ohun tí obìnrin yìí ṣe? Ó ń da oògùn rẹ̀ sínú gọ́tà láràárọ̀. Ó ń gbé ẹja fún ológbò aládùúgbò. Kò pẹ́, ìka tún wú, kírí-kírí sì padà dé. Inú rẹ̀ dùn bí ọmọdé. Ojú ń pọ́n, ojú ń ṣú. Ó rán àpò ṣòkòtò mọ́ ọrùn ẹ̀wù, oníbàárà pariwo.

Tíṣà bi í pé, "Mọ́mì, ṣé ẹ ń lo oògùn yín?"

"Mò ń lò ó." Irọ́ gbuu!

Ìró tó gbọ́ ní àárọ̀ tó tẹ̀ lé e kò rí bíi ti tẹ́lẹ̀. Ó wúwo, ìgò ń ké. Nígbà tó débẹ̀, gbogbo ìdérí ti le pa. Ó fi aṣọ dì wọ́n mú, ó fi eyín kún un, wọn ò mira. Ìgò oògùn nìkan ló ṣí sílẹ̀ láàárín tábìlì, a ti kó ìwọ̀n tó yẹ kó gbé mì sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, gíríìsì sì wà lára wọn.

Inú bí i débi pé kò rántí fi "ẹ" pe ọkọ mọ́. "Ìwọ ọkùnrin yìí, ṣé o fẹ́ lé mi ni? O kú fi mí sílẹ̀, mi ò bá ọ jà. O padà wá, mo gbà ọ́. O tún fẹ́ lọ lẹ́ẹ̀kejì?"

Àga tó kọjú sí i dún, bí ìgbà tí ènìyàn jókòó sórí rẹ̀. Nǹkan tutù kan bo ọwọ́ rẹ̀ tó wú, ó rọra dì í mú, ó ń yọ̀ bí ọwọ́ tí epo wà lára rẹ̀. Kò fi í sílẹ̀. Obìnrin náà ń sunkún, ó fi ọwọ́ kejì kó oògùn sẹ́nu, ó gbé e mì. Ìgbà náà ni ọwọ́ yẹn jù ú sílẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, kò fo oògùn mọ́, kò sì gbé ẹja fún ológbò. Ojú rẹ̀ mọ́, ó tún ń fi òwú bọ abẹ́rẹ́. Láràárọ̀, ilé ìdáná á dákẹ́, obìnrin náà á máa ṣí ìgò rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Lọ́jọ́ kan, ti epo kọ̀ jálẹ̀. Ó yí i, ó sinmi, ó tún yí i. Ó dúró, ó tẹ́tí. Kò gbọ́ nǹkan kan.

Ó ní, "Ó dàárọ̀ o, bàbá ọmọ mi. Ó di ojú àlá."

Ó nu ojú rẹ̀, ó gbóhùn sókè. "Tíṣà! Wá bá mi ṣí ìgò yìí."

Tíṣà jáde tòun ti búrọ́ọ̀ṣì lẹ́nu, ó ṣí i. "Ìyẹn nìkan, Mọ́mì?"

"Ìyẹn nìkan ni."