Ilé Tí Sidikatou Kọ́ fún Bàbá Rẹ̀

Mo ti wó ilé mẹ́rin. Ó ku méje. Àrìmíyàù jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà, ó ń ka iye tí mo wó.

“Má dá ìpìlẹ̀ sí o,” ó ní. “Fọ́ ọ kanlẹ̀.”

Mo fi òòlù gbá ìkarùn-ún. Amọ̀ ni. Kò gbà ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ.

Ilé ọmọdé ni wọ́n, kò sí èyí tó ga ju orúnkún lọ. Ẹ̀yìn yàrá mi ní Adjamé ni àwọn ọmọ àdúgbò kọ́ wọn sí. Bíríkìlà ni mí; Bàbá Sàlíhù ni wọ́n ń pè mí. Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́lé fún òyìnbó ní Àbíjàn níbí. Nígbà tí ẹ̀yìn mi kò gba iṣẹ́ mọ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọmọ níṣẹ́ ní jeudi, Ọjọ́bọ̀, torí wọn kì í lọ sí ilé ìwé lọ́jọ́ náà. Ọdún 1966 ni.

Agolo sàdíìnì la fi ń yọ búlọ́ọ̀kù. Okùn tí a so òkúta mọ́ la fi ń wo ògiri bóyá ó dúró ṣánṣán. Kí ọmọ tó mọ ògiri kankan, á kọ́kọ́ fi ṣọ́ọ̀kì fa yàrá rẹ̀ sílẹ̀. Á wá fi ìka méjì rìn nínú rẹ̀ bí ènìyàn: á wọlé, á lọ sí ibi ìdáná, á lọ sùn. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá há, àwọn yòókù á hó lé e lórí, á pa á rẹ́, á tún un fà. Òfin kan ni mo fún wọn: ilé tí kò ní àyè fún gbogbo ará ilé, kì í ṣe ilé.

Òfin yẹn ló dá ìjà sílẹ̀.

Sidikatou, ọmọ Àrìmíyàù, ló mọ̀ ọ́n ṣe jù. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni. Lọ́jọ́ tí àwọn òbí wá wo ilé, bàbá rẹ̀, tó ń ta aṣọ lọ́jà, bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú tirẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín.

“Ta ló ń sùn níbí?”

“Maman.”

“Níbí ńkọ́?”

“Èmi àti Fatou.”

Ó rí òkìtì kékeré kan nínú yàrá tó kàn. Aṣọ funfun ló wà lórí rẹ̀.

“Èyí ńkọ́?”

“Papa nìyẹn. Sàréè rẹ̀.”

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò pẹ́.

Ọmọ náà kò ní ibi lọ́kàn. Nígbà tí bàbá àgbà rẹ̀ kú ní Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n sọ fún un pé inú yàrá rẹ̀ ni wọ́n sin ín sí. Kò dé Ògbómọ̀ṣọ́ rí. Ó rò pé gbogbo bàbá ló ní yàrá bẹ́ẹ̀ nínú ilé tó ń gbé. Ó fi àyè sílẹ̀ fún tirẹ̀ bí mo ṣe kọ́ ọ.

Ṣùgbọ́n àwa ará Ògbómọ̀ṣọ́ kì í kọ́lé sí Àbíjàn. A ń háyà ni. Ọdún keje nìyẹn tí Àrìmíyàù ti ń kọ́ tirẹ̀ nílé, kò tíì kan òrùlé. Kí ènìyàn kú sí ìdálẹ̀ kí ilé rẹ̀ tó parí, ohun tí gbogbo wọn ń bẹ̀rù nìyẹn. Ọmọ rẹ̀ sì ti sin ín sí Adjamé.

Lọ́jọ́ Àìkú, wọ́n pè mí sílé Alhaji Tidjani, olórí ẹgbẹ́ wa.

“Ilé mélòó lo kọ́ fún òyìnbó?” Àrìmíyàù bi mí. Kò fi ẹ̀yin pè mí. Mo fi ọdún mẹ́rìndínlógún jù ú lọ.

“N kò ka iye.”

“Nílé ńkọ́?”

“Kò sí.”

“Ẹ gbọ́ o. Kò sí! Òun ló wá ń wọn sàréè fún wa.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín.

“Ó tó,” Tidjani ní. “Àgbà ni.”

“Àgbà tí kò nílé, àlejò ni.”

Àrìmíyàù ní Sidikatou á wọ ọkọ̀ tó ń lọ sílé lọ́jọ́ Ẹtì. Ọ̀dọ̀ ìyá àgbà rẹ̀ ni á máa gbé. Ó ní ilé ìwé rẹ̀ ti parí nìyẹn. Ó ku ọdún kan kí ọmọ náà ṣe certificat, ìdánwò tí wọ́n fi ń jáde ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.

“Kí lo fẹ́, kó lè dúró?” mo ní.

“Wó wọn. Gbogbo wọn. Ọwọ́ ara rẹ, lójú mi. Kó má sì sí jeudi kankan mọ́.”

Mo ní ó dára. Tidjani ka Fàtíhà lé àdéhùn náà lórí.

Bí mo ṣe di òòlù mú nìyẹn. Mo wó ìkẹfà. Mo wó ìkeje. Nígbà tí Sidikatou ti ilé ìwé dé lọ́sàn-án, tirẹ̀ nìkan ló kù.

“Pourquoi? Kí ló dé?” ó ní. Èmi ló ń wò.

Bàbá rẹ̀ yára dáhùn. “Bàbá Sàlíhù ní kò dára. Wọ́n ní ògiri rẹ wọ́.”

“Irọ́ ni.”

“Bi wọ́n.”

Ó yíjú sí mi. “Bàbá, ògiri mi wọ́?”

Kò wọ́. Bí mo bá sọ bẹ́ẹ̀, bàbá rẹ̀ á di òpùrọ́ lójú ọmọ rẹ̀, ọmọ á sì wọ ọkọ̀.

“Ó wọ́,” mo ní.

Ó mú okùn, ó so ó kọ́ ẹ̀gbẹ́ ògiri náà. Òkúta rọ̀ sílẹ̀ ṣánṣán. Gbogbo wa rí i.

“Òpùrọ́ ni yín,” ó sọ fún mi.

Àrìmíyàù dìde, ó na ọwọ́ láti gbá a létí. Mo tètè fi òòlù gbá ilé náà kó lè tán. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lókè.

“Ó pé mọ́kànlá,” ó ní. Ó fa ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n lọ.

Sidikatou kò wọ ọkọ̀. Ó ṣe ìdánwò lọ́dún kejì, ó yege. Ojoojúmọ́ ló ń gba iwájú ilé mi lọ sí ilé ìwé. Kò kí mi mọ́.

Amọ̀ bárò méjì ló ṣẹ́kù lágbàlá. Mo fi dí ihò ògiri ilé ìwẹ̀.