Bàtà Inú Àpò Sìmẹ́ńtì

Ìkarahun ìṣáwùrú ló ya Ummulkhair lẹ́sẹ̀, níbi tó ti ń lé bọ́ọ̀lù lọ sójú góòlù. Fìyìnfólúwa fọn fèrè, ó sáré lọ bá a. Ọmọ ọdún mọ́kànlá náà ò sunkún. Ó kàn jókòó sílẹ̀, ó di àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ mú, ẹ̀jẹ̀ sì ń gba àárín ìka ọwọ́ rẹ̀ jáde. Òun ló yẹ kó lọ sáré fún ilé-ẹ̀kọ́ wọn ní Ẹ̀pẹ́ lọ́jọ́ Sátidé, ó sì ti ń ka ọjọ́.

Ọjọ́bọ̀ kẹrin rèé tí Fìyìnfólúwa àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń ti Ìkòròdú wá sí abúlé yìí, nítòsí Ejinrin, láti bá àwọn ọmọ ṣeré ìdárayá. Kò rí ẹyọ ọmọ kan tó wọ bàtà rí. Òun náà ló fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ sínú ìròyìn wọn pé òbí wọn ò lágbára àtirà á.

"Màá ra bàtà fún ẹ," ló wí bó ṣe ń gbé e dìde.

"Mo ní bàtà, àǹtí. Ó wà lọ́fíìsì ọ̀gá."

Ó rò pé ọ̀rọ̀ ọmọdé ni. Àmọ́ nígbà tó wọ ọ́fíìsì lọ wá báńdéèjì, ó rí àpò sìmẹ́ńtì kan lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Bàtà ló kún inú rẹ̀ bámúbámú. Ẹnìkan ti fi okùn àwọ̀n rán awọ ọ̀kan tó já, ó sì ti fi báírò kọ orúkọ Ummulkhair sínú rẹ̀.

Ojú ò tilẹ̀ ti Sàlímọ́nù, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́, nígbà tó bi í léèrè. Ó ní àràárọ̀ Ọjọ́bọ̀ lòun máa ń gba bàtà lọ́wọ́ àwọn ọmọ, òun á sì dá a padà tí bọ́ọ̀sì wọn bá ti lọ.

"Àwọn tó wá ṣáájú yín rí bàtà lẹ́sẹ̀ àwọn ọmọ, wọ́n ní òṣì wa ò tíì tó. Abúlé kejì ni wọ́n gbé bọ́ọ̀lù wọn lọ. Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe?"

Fìyìnfólúwa mú báńdéèjì. Ó jáde, ó fẹ́ di egbò náà, ṣùgbọ́n Qamardeen, aṣáájú wọn, dá a dúró.

"Má tíì dì í. Jẹ́ n yà á ná."

Ó ya fọ́tò ẹsẹ̀ náà lẹ́ẹ̀mẹta. Fìyìnfólúwa ní kí wọ́n gbé ọmọ náà lọ sọ́sìbítù ní Ẹ̀pẹ́. Qamardeen ní aago mẹ́rin làwọn gbọ́dọ̀ dá ọkọ̀ padà. Ọ̀gá ní ìyá rẹ̀ á fi omi iyọ̀ fọ̀ ọ́. Fìyìnfólúwa jiyàn díẹ̀, lẹ́yìn náà ó wọ ọkọ̀ tẹ̀lé wọn. Ó kórìíra ara rẹ̀ ju ọ̀gá lọ.

Sátidé dé, ẹlòmíì ló sáré. Nígbà tó fi di Mọ́ńdè, fọ́tò ẹsẹ̀ náà ti wà lára pátákó gàgàrà lẹ́nu ọ̀nà yunifásítì, wọ́n sì ti fún ẹgbẹ́ wọn ní àmì-ẹ̀yẹ.

Fìyìnfólúwa pe ọ̀gá lórí fóònù, ó kìlọ̀ fún un pé tó bá tún gba bàtà ọmọ kankan, òun á fẹjọ́ rẹ̀ sùn. Ọ̀gá gbà, kò sì gbà á lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀lé e. Ṣùgbọ́n bí àwọn ọmọ náà ṣe gbúròó bọ́ọ̀sì, gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n ń bọ́ bàtà, wọ́n ń jù ú sẹ́yìn ilé. Kò sẹ́ni tó rán wọn.

Ummulkhair jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, aṣọ funfun tí ìyá rẹ̀ fi dì í ti dọ̀tí. Ó ti bọ́ bàtà ẹsẹ̀ kejì. Ó rí Qamardeen tó ń gbé kámẹ́rà bọ̀, ó yíjú sí Fìyìnfólúwa.

"Ẹ kú àbọ̀, àǹtí. Ṣé kí n tú aṣọ yìí náà?"